Ohùn Tó Sọnù Nínú Gìtá Ṣóbándé

Nígbà tí Abdulbaqi tú síkúrù tó gbẹ̀yìn, tó sì ṣí ìdérí ike kúrò láyà gìtá náà, wáyà kọ́ ni Insipẹ́kítọ̀ Àfúsá Jùbrílù kọ́kọ́ rí. Okùn ni. Okùn aró kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó lọ́ mọ́ wáyà nínú ihò igi náà.

"Má tíì fọwọ́ kàn án," ni Àfúsá wí.

Abdulbaqi gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe ní Ìtòkú, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárín àwọn aládìrẹ. Láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló ti wà ní àtìmọ́lé. Ọjọ́ Ẹtì nìyí. Bó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n máa gbé e lọ sí kóòtù pé ó jí ohùn inú gìtá olóògbé Herbert Ṣóbándé.

Bí wọ́n ṣe kọ ẹ̀sùn náà sínú ìwé kọ́ nìyẹn. "Píkọ́ọ̀pù gìtá kan" ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Abẹ́òkúta, ohùn ni wọ́n ń pè é.

"Ìwọ lo so okùn yìí?"

"Rárá o, Màdáámù. Mo bá a níbẹ̀ ni. Ó so wáyà píkọ́ọ̀pù àtijọ́ pọ̀ mọ́ra. Mo tú u níwọ̀nba kí n lè yọ píkọ́ọ̀pù náà, mo fi ìyókù sílẹ̀. Ó ṣe mí bákan láti gé e."

"Kí ló dé?"

"Ó dáa jù ni."

Sájẹ́ńtì Adétáyọ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, yínmú. Òun ló lọ mú Abdulbaqi ní ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo ọjà. "Olè tó mọ ohun tó dáa," ló wí.

Àfúsá kò wò ó. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. "Ṣàlàyé iṣẹ́ tó o ṣe fún mi, bí ìgbà tó ò ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé."

"Màdáámù, gìtá oníná kò ní ikùn tí ohùn ń gbé. Pákó lásán ni. Píkọ́ọ̀pù yìí ni etí rẹ̀. Òòfà kéékèèké mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ okùn gìtá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ wé wọn ká, ó tó ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Bí okùn bá gbọ̀n, etí yìí á gbọ́, á gbé e lọ fún ẹ̀rọ. Bí wáyà yẹn bá já lójú kan ṣoṣo, gìtá yadi nìyẹn."

"Ti Bàbá Ṣóbándé sì yadi."

"Lóṣù tó kọjá, níbi ìdánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, ló ra tuntun wá, ó ní kí n bá òun fi sí i. Tuntun náà fi díẹ̀ tóbi ju ojú ihò lọ. Mi ò gbẹ́ igi o. Ike ìdérí ni mo fá, torí igi àtijọ́, téèyàn bá ti gé e, kò ṣeé dá padà mọ́. Mo fi iná jó léèdì sí ẹnu wáyà méjèèjì kí wọ́n lè lẹ̀, mo dán an wò, ó sọ̀rọ̀. Mo wé èyí àtijọ́ sínú bébà, mo fi sínú àpò tó wà nínú àpótí gìtá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé wọn ní Aké. Ìyá wọn ni mo bá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún wọn pé èyí àtijọ́ wà nínú àpò."

"Ṣùgbọ́n nígbà tí Ayọ̀dèjì ṣí àpò lọ́jọ́bọ̀, òfìfo ló bá," ni Adétáyọ̀ wí. Ó gbé fóònù Abdulbaqi síwájú ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ wo ohun tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Olújìmí kọ sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá."

Àfúsá kà á. *Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ti àtijọ́ yẹn. Mò ń bọ̀.*

Abdulbaqi tẹrí ba. "Oníbàárà mi ni. Ó wá wò ó, ó sì lọ. Màdáámù, àwọn èèyàn ti ń wá kó ẹrù wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó mi ló ń kó o fún wọn. Ṣé ẹ mọ gìtá yẹn ṣá? Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí?"

Àfúsá ti gbọ́ ọ. Ọmọ Ìtòkú ni òun náà, owó aró ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Bí rédíò bá gbé gìtá Ṣóbándé sáfẹ́fẹ́ nígbà náà, ìyá rẹ̀ á dáwọ́ dúró lórí ìkòkò, aró á máa kán láti ìgúnpá rẹ̀, kò sì ní mira títí orin á fi tán. Ohùn náà kì í pariwo. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan wà ní yàrá kejì tó ń pe èèyàn lórúkọ.

Ó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yọ okùn aró náà, ó tẹ́ ẹ sórí bébà funfun. Kì í ṣe òwú. Ìko ni, irú èyí tí àwọn aládìrẹ fi ń di aṣọ kí aró má baà ráàyè wọ ojú ibi tí wọ́n dì. Wọ́n ti wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n wá ki orí rẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ láìta kókó kankan. Àfúsá mọ ìdì yẹn. Èèyàn kì í dàgbà tán kó tó kọ́ ọ.

"Dá Abdulbaqi padà sí àtìmọ́lé," ló sọ fún Adétáyọ̀, "kó o fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ wá."

*

Gìtá mẹ́tàdínlógún ló fi ara kọ́ ògiri pálọ̀ Olújìmí ní Ìbarà. Ọkùnrin arẹwà kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, gìtá àtijọ́ ló wá ń kó jọ.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?" Àfúsá na fóònù sí i.

"Èmi ni. Mo fẹ́ rà á ni. Èyí tó bá irú gìtá yẹn wá láti iléeṣẹ́ kò wọ́pọ̀ mọ́ láyé."

"Ẹ rà á?"

"N kò rà á. Mo fi awò wò ó, mo dá a padà fún Abdulbaqi."

"Ẹ sáré lọ torí rẹ̀, ẹ wá dá a padà?" ni Adétáyọ̀ bi í.

"Torí kì í ṣe ti iléeṣẹ́." Olújìmí rọra jókòó. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tú gìtá wò. Ẹ̀rọ ńlá ló máa ń wé wáyà yẹn. Ti èyí, ọmọ aráyé kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé e. Ìlà kan kò gun èkejì níbì kankan. Lẹ́yìn náà ló wá rì í sínú ìda tó yọ́. Ìda àbẹ́là ni, mo gbóòórùn rẹ̀. Mi ò mọ ẹni náà. Bí mo bá rí i lónìí, màá dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú ewú orí mi yìí."

"Ẹlòmíì lè rà á?" ni Àfúsá béèrè.

"Ta ni? Kò ní orúkọ iléeṣẹ́ kankan lára. Wáyà rẹ̀ sì ti já nínú. Lọ́jà, kò jọ nǹkan kan."

Nígbà tí wọ́n jáde, Adétáyọ̀ ní irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa.

"Òpùrọ́ á sọ pé òun ò rí i rárá," ni Àfúsá dá a lóhùn. "Òun sọ pé òun rí i, òun dì í mú lọ́wọ́, òun sì fẹ́ rà á. Wàyí o, ohun tí kò ṣeé tà, tí kò sì lè ṣiṣẹ́, kí ni olè fẹ́ fi ṣe?"

Adétáyọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó kọjú sí Aké.

*

Olùkọ́ ni Ayọ̀dèjì Ṣóbándé, ẹni àádọ́ta ọdún, inú ilé bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ìyá rẹ̀, Màmá Christianah. Ó mú wọn wọ pálọ̀. Àpótí gìtá, tí kò sí gìtá nínú rẹ̀ mọ́, ṣì wà lórí àga tí wọ́n gbé e sí.

"Ta ló gba gìtá lọ́wọ́ Abdulbaqi?" ni Àfúsá béèrè.

"Màmá nìkan ló wà nílé, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ gbà á. Wọ́n ní kó gbé e sórí àga yẹn."

"Ẹ bi wọ́n nípa píkọ́ọ̀pù?"

"Wọ́n ti lọ sí ilé oko wa ní Wásinmi láti àárọ̀ Ọjọ́rú kí n tó ṣí àpò. Mo ń pè wọ́n, fóònù wọn ò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ti Màmá, Insipẹ́kítọ̀. Màmá mi ò fọwọ́ kan gìtá yẹn rí."

"Rí kẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí Bàbá bá fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e, èmi ni wọ́n máa pè. Kódà lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tó fẹ́ ṣubú lórí àga, wọ́n kígbe ni, wọn ò dì í mú. Àwọn ẹbí máa ń sọ pé wọ́n ń jowú rẹ̀."

"Ibo ni wọ́n ti dàgbà?"

"Ní Ìtòkú, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fẹ́ Bàbá." Ó wo Àfúsá. "Kí ló fa ìbéèrè yẹn?"

Àfúsá ti dìde. Tábìlì kékeré kan wà lábẹ́ fèrèsé, eruku sì bo ojú rẹ̀, àfi ibì kan láàárín tó mọ́ tónítóní, tó gùn tó apá èèyàn láti ọwọ́ dé ìgúnpá.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Máṣíìnì ìránṣọ Màmá, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Wọ́n gbé e lọ sóko. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ránṣọ fún àwọn ọmọ-ọmọ."

"Ta ló máa ń bá wọn ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?"

"Ìyàwó mi ni. Ojú wọn ò gbé e mọ́ láti bí ọdún márùn-ún."

"Ìyàwó yín bá wọn lọ?"

"Rárá, ó wà ní…" Ayọ̀dèjì yíjú sí fèrèsé. Ó wo ojú ibi tó mọ́ lórí tábìlì náà bí ẹni pé òun ò rí i rí.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Adétáyọ̀ ló wa ọkọ̀ lọ sí Wásinmi. Ayọ̀dèjì jókòó sẹ́yìn.

"Màdáámù, ìyá arúgbó la fẹ́ lọ mú?"

"A fẹ́ lọ rí i ni. Ẹ jẹ́ ká rò ó. Ohun tó sọnù yìí kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ tà á. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ lo gìtá, torí tuntun ti wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wúlò fún."

"Ta ni?"

"Ẹni tó lè jí i dìde. Ẹni tó sì lè jí i dìde ni ẹni tó ṣe é níjọ́sí. Ọwọ́ tó di okùn ìko yẹn kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìtòkú láti kékeré. Obìnrin kan tí kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ sì gbé máṣíìnì lọ sóko. Bí kò bá lè ránṣọ, kí ló tún kù tí máṣíìnì lè ṣe? Ó lè yí. Ó lè wé nǹkan."

Adétáyọ̀ dín eré ọkọ̀ kù. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kan gìtá láti àádọ́ta ọdún?"

"Ìyẹn ni kò tíì yé mi," ni Àfúsá wí.

Ilé oko náà wà láàárín oko ẹ̀gẹ́, páànù rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n gbúròó máṣíìnì kí wọ́n tó rí ẹnikẹ́ni: kìrìrìrì, kìrìrìrì, láìyára, láìfalẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí igun ilé, Àfúsá nawọ́ dá àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró.

Màmá Christianah jókòó lórí àpótí nínú oòrùn àárọ̀, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì pa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí máṣíìnì. Níbi tí òwú ti máa ń wé mọ́ra, òòfà mẹ́fà inú píkọ́ọ̀pù ló wà, tó ń yí bí òkòtó. Wáyà kan ń bọ̀ wá bá a láti ara kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí wọ́n wé wáyà mọ́ nílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rí wáyà náà, àfi nígbà tí oòrùn bá bà á, tí yóò kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì tún pòórá. Àárín ìka méjì ọwọ́ òsì ìyá náà ló ń gbà kọjá. Ìka méjèèjì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ní ìwọ̀n tí kò tó fífẹ̀ èékánná. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà.

Ayọ̀dèjì ya ẹnu. "Màm…"

Màmá kò la ojú. Ó na ìka kan ṣoṣo sókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ ayò mẹ́jọ wà lórí ẹní níwájú rẹ̀, mẹ́fà lápá kan, méjì lápá kejì. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan nínú méjì náà kọjá, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Fóònù Adétáyọ̀ dún. Ó pa á kíákíá, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi í mọ́ àyà láìmọ ìgbà tó ṣe é. Àfúsá ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún mọ́kànlélógún. Ó ti dúró de adigunjalè, ó ti dúró de gómìnà. Kò dúró báyìí de ẹnikẹ́ni rí, kí ó máa fa èémí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ẹnu rẹ̀ má baà já nǹkan.

Ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn kọjá. Máṣíìnì dúró. Màmá fi eyín gé wáyà, ó la ojú.

"Ẹ kú ìdúró," ló wí. "Bí mo bá dáhùn, màá ṣì í kà. Ìlọ́po mẹ́wàá ni òòfà yìí ń yí bí mo bá yí ọwọ́ máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà ẹgbẹ̀rin ni mo gbọ́dọ̀ yí i, ọmọ ayò kan fún ọgọ́rùn-ún. Lánàá, mo dé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó já. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ayọ̀dèjì ti kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ẹ̀yin ni gbogbo ohùn yẹn?"

"Bàbá ẹ ló ta gìtá. Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Ọdún tí mo lóyún rẹ ni èyí tó bá gìtá wá láti iléeṣẹ́ kú. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú. Bàbá ẹ tú u, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń sunkún. Mo wò ó, mo ní, àb' ohun tí wọ́n wé náà rèé? Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù fún mi ní kẹ̀kẹ́ wáyà kan, ìyókù rẹ̀ lẹ rí nílẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà kẹrin, ó sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń han bí èkúté. Mo rì í sínú àbẹ́là tó yọ́. Ó dákẹ́ híhan."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Màmá?" Àfúsá ló béèrè. "Kí ló sì dé tí ẹ kì í fọwọ́ kan gìtá?"

Ìyá náà wò ó. "Ọmọ ta ni ìwọ?"

"Ọmọ aláró ní Ìtòkú ni mí, mà."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá mi. Kò fẹ́ ọkọ onígìtá. Kó tó fi mí fún Herbert, ó ní kí n di Bíbélì mú, kí n búra pé títí ayé mi, n kò ní fọwọ́ kan gìtá náà. Mo búra. Mi ò sì fọwọ́ kàn án dòní." Ẹ̀rín rọra bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n gìtá ni bàbá mi dárúkọ. Kò dárúkọ wáyà. Ohun tí wọ́n bá ti tú kúrò lára gìtá, kì í ṣe gìtá mọ́. Herbert fẹ́ kéde pé èmi ni. Mo ní kó má ṣe é, kí wọ́n má lọ sọ fún bàbá mi pé mo ti fi ọgbọ́n gba ẹ̀yìn ìbúra wọlé. Nígbà tó wá yadi lóṣù tó kọjá, mo ń wò ó nínú gìtá, mi ò lè tú u, mi ò sì lè ní kí wọ́n tú u. Bí ọmọkùnrin yẹn ṣe wí pé èyí àtijọ́ wà nínú àpò, ọkàn mi fò. Mo ní Ọlọ́run ló rán an."

Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Àfúsá ló sọ ọ́.

"Màmá, ọmọkùnrin náà wà ní àtìmọ́lé láti ijọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní òun ló jí i."

Ẹ̀rín náà parẹ́. Ìyá náà fọwọ́ lérí. "Nítorí èyí? Iná ò sí níbí, fóònù mi ti kú…" Ó dìde, ó ń wá gèlè rẹ̀, gèlè sì wà léjìká rẹ̀. "Ẹ gbé mi lọ bá a. Ẹ gbé mi lọ nísinsìnyí."

*

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Abdulbaqi ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ará ọjà ti pé jọ láti wòran. Adétáyọ̀ ló dúró síwájú wọn, ó sì pariwo kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ọkùnrin yìí kò jalè. Èmi ni mo ṣì í mú. Abdulbaqi, jọ̀ọ́, má bínú."

Màmá Christianah fẹ́ kúnlẹ̀. Abdulbaqi sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá, ẹ má gé ẹ̀mí mi kúrú!"

Nígbà náà ni wọ́n gbé píkọ́ọ̀pù náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó ń yí i wò. Ó bojú wo ìyá náà, ó tún wo wáyà. "Ọwọ́ èèyàn ló wé èyí kẹ̀?" ló sọ sábẹ́ ẹnu, omi sì ti dé ojú rẹ̀.

Ó yọ tuntun. Ó jó wáyà kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè, ó jó èkejì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ki sípíríǹgì sábẹ́ síkúrù méjèèjì, ó sì ń yí wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi owó onírin wọn àlàfo tó wà láàárín òòfà àti okùn. "Bó bá sún mọ́ ọn jù, òòfà á di okùn mú, ohùn á máa wárìrì. Bó bá jìnnà jù, kò ní gbọ́ dáadáa." Ó fi irin gbá a wẹ́rẹ́. Kọ̀, ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè dáhùn. Ó ti jí.

Ayọ̀dèjì gbé gìtá kọ́rùn. Màmá fi ìgbésẹ̀ kan sún sẹ́yìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn.

Ohùn kan ṣoṣo ni Ayọ̀dèjì kọ́kọ́ ta. Ó wọ inú ọjà bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń wọlẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá pa ẹ̀rọ ọ̀kadà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀. Obìnrin kan tó ń ná aṣọ dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ohùn náà gùn, ó gùn títí irun ọwọ́ Àfúsá fi dìde, kò sì kú, ńṣe ló jìnnà. Ayọ̀dèjì kò lè ta ìkejì. Ó dúró, ó ń sunkún, gbogbo Ìtòkú sì ń dúró dè é.

Abdulbaqi nìkan ni kò wo gìtá. Ìyá náà ló ń wò.

"Màmá," ló wí, "bí mo bá ní kí ẹ kọ́ mi, ṣé mo ti ṣàṣejù?"

Màmá Christianah gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn lójú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tí léèdì ti jó o kiri.

"Lọ fọ̀ wọ́n wá," ló wí, "kó o jókòó."